Ọpẹ́ Ọjọ́ Kejì

Pátákó kan wà lára ògiri ní ẹnu ọ̀nà ilé àlejò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Wọ́n kọ "Ẹ ṣé" gàdàgbà sí àárín rẹ̀, wọ́n wá fi bí àwọn èdè mìíràn ṣe ń sọ ọ́ yí i ká: merci, danke, shukran, asante, obrigado, gracias, na gode, daalụ, arigato, medaase, àti àwọn kan tí lẹ́tà wọn dà bí ibi tí adìẹ ti rìn lórí iyẹ̀pẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa nù ún láràárọ̀. Ìwé mi ò jìnnà, ọdún kejì ní girama ni mo ti kúrò nígbà tí bàbá mi kú ní Oǹdó, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ń kà wọ́n, bí àkísà bá ṣe ń kọjá lórí wọn. Mo fẹ́ràn pátákó náà ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ. Kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, kì í sì í retí ìdáhùn.

Ojú máa ń tì mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tójú kì í tì. Bí ẹnìkan bá bá mi sọ̀rọ̀ lójijì, ọ̀nà ọ̀fun mi á fún, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ á sì túká. Ní Àkúrẹ́ ó wá burú sí i, nítorí àǹtí tó máa ń jókòó níwájú láti gba àlejò sílé, ọmọ Àkúrẹ́ gan-an ni, ó fẹ́ràn láti máa fi ohùn Oǹdó tó wà lẹ́nu mi ṣeré. Á ní, "Ará Oǹdó, tún un sọ ká gbọ́," àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín. Kò ní ìkà nínú, ṣùgbọ́n mo kúkú dín ọ̀rọ̀ mi kù.

Síbẹ̀, pátákó yẹn jẹ́ kí n máa béèrè nǹkan. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, Haúsá ni, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pe na gode. Ìyá tó ń se oúnjẹ kọ́ mi ní ti Ìbò. Télọ̀ kan wà ní àdúgbò Arákalẹ̀, ọmọ Gánà, òun ló rán yunifọ́ọ̀mù wa. Ọjọ́ tí mo lọ gba tèmi ni mo bi í bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ medaase. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá bi í ní ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an: ṣé wọ́n máa ń padà lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì? Ó ní wọ́n ń padà lọ dáadáa, láàárọ̀ kùtù, pàápàá bí oore náà bá tóbi. Inú mi dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè.

Torí ní ilé wa ní Oǹdó, ọpẹ́ tí èèyàn ṣe lójú ẹsẹ̀ kò tíì pé. Bí ẹnìkan bá fún wa ní abọ́ iyọ̀ kan lónìí, ìyá mi á jí mi ní òwúrọ̀ ọ̀la, á ní kí n lọ kúnlẹ̀ kí n sọ pé, "Ẹ ṣé àná o." Bí ó bá jẹ́ nǹkan ńlá, òun fúnra rẹ̀ á lọ, kò sì ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ó máa ń sọ pé ẹni tí kò bá padà wá dúpẹ́, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó já nǹkan gbà ni wọ́n á fi máa wò ó. Mo wo ara pátákó náà títí. Gbogbo ayé ló ní ọ̀rọ̀ fún ẹ ṣé, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí wọ́n fi àná sí i.

Mo ń sọ èyí kí ohun tí mo ṣe lè yé yín, ohun tó fi ku díẹ̀ kí wọ́n pè mí lólè.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Màmá kan dé sílé àlejò wa láti ìlú kan ní apá ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbin kókó bíi tiwa. Ó wá wo kókó tó ń ṣàìsàn lóko Ìjàrẹ́ àti Ọ̀dà. Irun rẹ̀ funfun báláú. Èdè àwọn ará Sípéènì ló ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì ju tèmi lọ. Fóònù ló fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀: á sọ tirẹ̀ sí i, fóònù á sọ ọ́ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ìborùn kan, onírun àgùntàn tó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi kókó tó pọ́n, ìlà búlúù wà létí rẹ̀. Bí ìborùn náà kò bá sí lọ́rùn rẹ̀, á wà lẹ́yìn àga inú yàrá rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ ọn nílé náà.

Lọ́jọ́ kẹta tó dé, mo gbọ́ tó ń wúkọ́ bí mo ṣe ń gbálẹ̀. Mo lọ po ògì gbígbóná, mo gbé e síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, mo sì sá. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo ń fi omi nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọyẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, eyín mi ń gbá ara wọn. Ilẹ̀kùn ṣí. Màmá náà jáde, ó wò mí, ó bọ́ ìborùn kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi bò mí léjìká, ó so ó lábẹ́ àgbọ̀n mi bí ìgbà tí wọ́n ń múra fún ọmọ iléèwé. Ó sọ̀rọ̀ gígùn kan. Nínú gbogbo rẹ̀, gracias nìkan ni mo dá mọ̀, torí ojoojúmọ́ ni mò ń nù ún. Ó padà wọlé.

Mò ń retí pé á jáde wá gbà á. Kò gbà á. Nígbà tó yá, ọkọ̀ oko wá gbé e, ó kọjá lára mi, ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́, ó lọ. Nígbà tó di àsìkò tí mo máa ń lọ sílé, kò tíì dé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, mo rò ó pé kí n lọ fi ìborùn náà kọ́ ẹ̀yìn àga. Mo tún rò ó pé bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni, á dà bí ẹni pé mo kọ̀ ọ́. Mo ká a, mo fi í sínú báàgì. Òfin wa ni pé ká ṣí báàgì fún bàbá géètì ká tó jáde. Bàbá wà lórí ẹní rẹ̀, ó ń kírun. Mo dúró díẹ̀. Ọkọ̀ Ọ̀dà ń pe èrò níta. Mo jáde. Mi ò fi í pamọ́ fún un, mi ò sì fi í hàn án.

Ọ̀dà ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Bí mo ṣe délé, mo pe ìyá mi ní Oǹdó, mo sọ fún un pé màmá àlejò fún mi ní ìborùn. Inú rẹ̀ dùn. Ó bi mí bóyá màmá náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí n máa mú un lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ohun tí mo fẹ́ kó jẹ́ nìyẹn. Ó ní kí n rí i pé mo dúpẹ́ láàárọ̀, pé òun náà á wá.

Láàárọ̀, mo fi ìborùn náà sínú báàgì padà, torí àwọn ọmọ pọ̀ nílé, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ẹlẹ́rọ̀fọ̀ kàn án. Mo tètè dé ibi iṣẹ́. Mo fẹ́ sọ ọpẹ́ náà bó ṣe yẹ, pẹ̀lú àná nínú rẹ̀. Mo bẹ àǹtí tó wà níwájú pé kó bá mi wo "ẹ ṣé àná" lórí fóònù rẹ̀ ní èdè màmá.

"Kí ló ṣe fún ọ lánàá?" ó ní.

Ojú tì mí. Mo ní kò sí.

"Kò sí, o wá ń dúpẹ́. Ará Oǹdó." Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ojú fóònù sí mi. Gracias por ayer. Mo kà á títí tí fóònù fi ṣókùnkùn, mo sì ń sọ ọ́ sínú bí mo ṣe ń gbálẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo, bí ẹni tó gbé ẹyin dání.

Màmá náà wà nídìí tíì pẹ̀lú àwọn àlejò méjì mìíràn. Obìnrin tó ń darí ilé náà wà níbẹ̀, Màdáámù la máa ń pè é. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kì í pariwo mọ́ èèyàn, ojú rẹ̀ nìkan ti tó. Bí mo bá ti rí i níbẹ̀, ṣe ló yẹ kí n dúró. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró, ọ̀rọ̀ náà máa bọ́ lẹ́nu mi. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga màmá. Mo ní, "Gracias por ayer, mà."

Ìtìjú mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá náà pọ́n. Ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ó ń gbé mi dìde, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ó wá ṣí àpò rẹ̀, ó tú inú rẹ̀, ó mú bisikíìtì kan jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́. Bóyá lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń sọ ọ́ tó fi ń tán, tí ẹni tó bá padà wá sọ ọ́ fi dà bí ẹni tó tún ń retí nǹkan. Mi ò mọ̀ rí pé ọpẹ́ lè pọ̀ jù. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bisikíìtì lọ́wọ́, mo sì rí ojú Màdáámù.

Ó ní sùúrù títí ọkọ̀ oko fi wá gbé màmá lọ sí Ìjàrẹ́. Lẹ́yìn náà ló pè mí sí ọ́fíìsì.

"Ṣé o ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àlejò mi ni?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Orí mi nìkan ló mì. Àǹtí iwájú wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì sọ ohun tó mọ̀, kò fi nǹkan kan kún un: pé mo wá béèrè bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ àná, mo sì ní kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan fún mi lánàá. Màdáámù dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́, a bá a lọ sí yàrá màmá. Àga wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìborùn lọ́rùn màmá nídìí tíì láàárọ̀.

"Ìborùn màmá dà?"

"Ó wà nínú báàgì mi, mà."

Wọ́n gbé báàgì náà wá sórí tábìlì. Màdáámù fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ó fa ìborùn náà jáde díẹ̀díẹ̀, ó gùn, ó ń jáde ṣáá, èmi gan-an wò ó, ó sì jọ ohun tí wọ́n jí lójú mi. Ó bi mí ohun tí màmá sọ nígbà tó fún mi. Mo ní gracias ló sọ.

"Gracias, ìyẹn ni ó ṣé," Màdáámù ní. "Ó ṣé kọ́ ni máa mú un lọ."

Ó ní kí n lọ jókòó sí yàrá tí a ń kó aṣọ ibùsùn sí títí màmá á fi ti oko dé. Bí màmá bá ní òun ló fún mi, ọ̀rọ̀ tán. Bí ó bá ní òun kò fún mi, Màdáámù máa pe ọlọ́pàá. Ó gba fóònù mi. Ó sọ gbogbo èyí láìgbóhùn sókè, ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́.

Mo jókòó láàárín àwọn aṣọ funfun náà láti àárọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe pé wọn ò gbà mí gbọ́. Èmi gan-an ni mi ò mọ̀. Mo di ojú, mo gbìyànjú láti gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn tí màmá sọ lánàá, kí n lè tẹ̀ lé ohùn rẹ̀ títí dé ibi tó ti fún mi. Ibì kan ṣoṣo ni mo lè dé, gracias, gbogbo ibi tó kù ṣókùnkùn. Bóyá ó ní, o ṣé fún ògì, gba èyí. Bóyá ó ní, wọ̀ ọ́ títí ara rẹ á fi móoru. Bóyá ó ní, o ṣé, bá mi fọ̀ ọ́. Mo ti ń nu ọ̀rọ̀ náà fún oṣù méje, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Bàbá géètì wá dúró lójú fèrèsé, ó wò mí, ó sì padà lọ. Ara mi tún bù máṣọ, torí òun náà wà nínú rẹ̀, òun ni kò ṣí báàgì mi. Ìyá tó ń se oúnjẹ gbé ìrẹsì wá, mi ò lè gbé e mì. Mo ń ronú ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ìyá mi ń bọ̀, mo sì gbàgbé ọlọ́pàá.

Ọ̀sán ti yẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní géètì. Ó ń béèrè màmá òyìnbó tó ṣe ọmọ òun lóore, ó ń sọ ọ́ ní Oǹdó pátápátá, kò tilẹ̀ yí i padà. Mo yọjú. Ó ru ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Àǹtí iwájú kò rẹ́rìn-ín. Ó mú un lọ bá Màdáámù, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tó wọlé wá bá mi, ó sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kalẹ̀, ó jókòó tì mí, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi.

"O ní ó sọ pé kó o máa mú un lọ."

"Mi ò gbọ́ ohun tó sọ, màámi."

Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórúnkún mi. Kò bú mi. A jókòó bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì, à ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá, gbogbo èyí tó bá ti rọra ni àyà mi á já.

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ nígbà tí màmá dé, eruku oko wà ní bàtà rẹ̀. Wọ́n pè wá sí iwájú. Màdáámù na ìborùn náà lé ọwọ́ ara rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí fóònù ní Gẹ̀ẹ́sì: ṣé màmá ló fún mi ní aṣọ yìí, àbí kò fún mi. Ṣùgbọ́n kí fóònù tó sọ ọ́ tán, ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé àná o, màmá. Ẹ ṣé tí ẹ bo ọmọ mi."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó ń dúpẹ́ nǹkan tí wọn ò tíì mọ̀ bóyá mo jí. Màmá wo ìyá mi, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wò mí. Ó bá fóònù sọ̀rọ̀, fóònù sọ ọ́, àǹtí iwájú sì yí i sí Yorùbá fún ìyá mi.

"Ó ní òtútù ń mú ọmọ náà, òun fi bò ó. Ó ní òun kò ronú kọjá ìyẹn."

Màdáámù ní kí fóònù bi í bóyá mo jí i. Màmá kò dúró kí fóònù parí. Ó ní, "No." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń mi orí, ohùn rẹ̀ le ju ti Màdáámù lọ. Ó wá ṣàlàyé pé ìyá òun ló hun ìborùn náà, pé òun rò pé bí ara mi bá ti móoru, mo máa dá a padà, pé bí òun kò ṣe rí i, òun mọ̀ pé ó wà níbì kan nínú ilé.

Nítorí náà, kò fún mi. Mi ò jí i, kò sì fún mi. Mo gba ìborùn náà lọ́wọ́ Màdáámù, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún màmá, mo kúnlẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu mi ní èdè kankan. Ó fi kọ́ ọrùn rẹ̀. Ìyá mi ń ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sún mọ́ ọn. Màmá bi fóònù ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun fi ṣe, àǹtí iwájú ṣàlàyé fún un pé ọpẹ́ ni, pé báyìí la ṣe ń ṣe é. Màmá ronú díẹ̀, ó tún sọ̀rọ̀, àǹtí iwájú bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ń béèrè bóyá òun náà máa wá dúpẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́la."

Bàbá géètì rẹ́rìn-ín, Màdáámù pàápàá rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, àti ìyá mi. Màdáámù dá fóònù mi padà. Kò lé mi kúrò níṣẹ́. Ó ní láti ọ̀la, ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, ni mo máa wà fún ìgbà díẹ̀, pé ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ àlejò dé ọwọ́ mi, òun gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà.

Mo sin ìyá mi lọ sí ibùdókọ̀ Oǹdó. Kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà. Mo rò pé ó ń bínú nítorí irọ́ tí mo pa fún un, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kò tíì kún. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wọlé.

"Bí màmá yẹn bá ti gba oko lọ sí ìlú rẹ̀ ńkọ́?" ó ní. "Kí lo máa sọ fún wọn?"

Mo gbé báàgì mi láti èjìká kan sí èkejì.

"Mo jókòó tì ọ́ nínú yàrá yẹn. Mò ń retí pé wàá sọ fún mi. O ò sọ. Èmi ìyá rẹ, mi ò mọ̀." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rù ló ń bà á, bíi tèmi. "Sọ ọ́ báyìí."

"Kí ni kí n sọ, màámi?"

"Pé o ò jalè."

Mo wolẹ̀. Èrò pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan ti jókòó sínú ọkọ̀, ojú wọn wà lára wa. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní òun ò gbọ́. Mo tún un sọ. Ó ní òun ò tíì gbọ́. Obìnrin tó ń bó ọsàn dá ọ̀bẹ dúró.

"Mi ò jalè, màámi," mo ní, ohùn mi sì jáde tó bẹ́ẹ̀ tí dírẹ́bà fi bojú wẹ̀yìn.

Ìyá mi mi orí pé òun ti gbọ́. Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ní kí n máa lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi kún tó sì gbéra.